Ààwẹ̀ Mẹ́tìrì Lazare

Ọdún 1989, tí ìjọba Benin kò rówó oṣù san mọ́, ni àwa ará Bantè mọ̀ pé ṣíbí lè wọn tòmátì. Razack, ará Kétou tó ní ìsọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó já agolo tòmátì, ó ki ṣíbí ìmùkọ bọ inú rẹ̀, ó ń bù ú tà fún ẹni tó bá ń bọ̀. Ọṣẹ tí a ń rà ní ọ̀pá gbọọrọ tẹ́lẹ̀, ó fi wáyà gé e wẹ́wẹ́ bíi pé ọmọ ìkókó ni gbogbo wa fẹ́ fi wẹ. Páálí ṣúgà di ìdajì páálí, ìdajì páálí di hóró kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń fa sìgá á ra ẹyọ kan, wọ́n á fa ìdajì láàárọ̀, wọ́n á fi ìdajì há etí di ìrọ̀lẹ́. Mọ́tò tó ń gbé búrẹ́dì wá láti Savalou láràárọ̀ di ẹlẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, nígbà tó yá a kò gbọ́ fèrè rẹ̀ mọ́.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni ìgbéraga wa. Kò sẹ́ni tó gbà pé òun kò lówó. Ẹni tó ń mu bíà tẹ́lẹ̀ ní dókítà ló ní kí òun fi bíà sílẹ̀. Ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì ní búrẹ́dì ń run òun nínú. Gbogbo àrùn ilé ayé ló dé Bantè lọ́dún náà, bẹ́ẹ̀ àìlówó lásán ló ń ṣe wá.

Ọjà kan ṣoṣo ni kò kú ní ìsọ̀ Razack, àbẹ́là ni. A yọ ẹran kúrò nínú ọbẹ̀, a gé sìgá sí méjì, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tó gé àbẹ́là. Bí nǹkan ṣe ń le sí i ni ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ń kún sí i. Ẹni tí kò lè ra ṣúgà sí ẹ̀kọ ọmọ rẹ̀ á ra àbẹ́là kí ọmọ náà lè dolówó lọ́jọ́ iwájú. N kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ènìyàn gbọ́dọ̀ ra nǹkan kan kó tó lè sùn.

Inú ọdún yìí ni ọ̀rọ̀ Lazare ṣẹlẹ̀.

Ọmọ Savalou ni Lazare, ṣùgbọ́n ó ti kọ́ àwọn ọmọ Bantè níwèé pẹ́ débi pé èdè Ìṣà wa yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju èdè Mahi ìyá rẹ̀ lọ. "Mẹ́tìrì" ni gbogbo ìlú ń pè é, bí a ṣe ń pe olùkọ́ lọ́dọ̀ wa. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò fi ọmọ sílẹ̀, òun nìkan ló ń gbé yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ilé obìnrin kan tó ń jẹ́ Àdìkẹ́. Ọkùnrin tó fẹ́ràn aṣọ ni. Bó bá lọ ṣòkòtò, ojú ìlà rẹ̀ á gún bí ọ̀bẹ. Ní ìparí oṣù, á wọ takisí Boukari lọ kí ìyá rẹ̀, Eugénie, ní Savalou, kò sì lọ lọ́wọ́ òfo rí: búrẹ́dì gígùn, sadíìnì, ṣúgà. Ìyá náà á gbé búrẹ́dì sórí àpótí níta fún ìgbà díẹ̀, kí àwọn aládùúgbò rí i dáadáa, kó tó gbé e wọlé.

Nígbà tí àwọn olùkọ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù, tí ilé ìwé sì wà ní títì, àwọn ẹlẹgbẹ́ Lazare gba ilé baba wọn lọ, wọ́n mú ọkọ́. Lazare kò lè lọ. Báwo ni yóò ṣe wọ Savalou láìsí búrẹ́dì lọ́wọ́? Ó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ pé iṣẹ́ kò jẹ́ kí òun ráyè. Iṣẹ́ wo? Koríko ti ga dé ojú fèrèsé ilé ìwé.

Ó ta rédíò, ó ta kẹ̀kẹ́. Oníṣòwò òkìrìkà kan tó ń ti Akpassi bọ̀ ra aṣọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ku ṣòkòtò kan, ṣẹ́ẹ̀tì kan àti bàtà kan, ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó fi káfúrà sí wọn, ó tì wọ́n mọ́ inú àpótí. Ọjọ́ tí ilé ìwé bá ṣí ni yóò wọ̀ wọ́n, nítorí bí olùkọ́ bá gbé àkísà wọ kíláàsì, ta ni yóò bẹ̀rù rẹ̀? Kí ni yóò wá máa wọ̀ títí di ọjọ́ náà? Níbẹ̀ ló ti ta ọgbọ́n. Nígbà àìsàn ìyàwó rẹ̀, wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un ní ìjọ aláṣọ funfun, ó sì ní sùtánà tó ń wọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó sọ ọ́ di aṣọ ojoojúmọ́. Ẹni tó bá sì wọ sùtánà, kì í wọ bàtà, gbogbo ayé ló mọ òfin yẹn. Ẹsẹ̀ lásán rẹ̀ kò wá jẹ́ ìtìjú mọ́, ẹ̀sìn ló dà. Inú rẹ̀ dùn sí ọgbọ́n yìí, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tó ń de ìgbànú rẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa, bí ènìyàn bá ń jẹun tí ẹlòmíràn ń kọjá, ó gbọ́dọ̀ pè é. Ẹni tí a pè gbọ́dọ̀ kọ̀: "Ẹ máa jẹ, á gba ibi ire." A ó tún un pè, á tún kọ̀. Nígbà kẹta, bí ìfẹ́ bá wà níbẹ̀, á ní "ó dáa, ẹ jẹ́ n tọ́ ọ wò," á jókòó, á sì tọ́ ọ wò títí yóò fi kan ìsàlẹ̀ àwo. Bí Lazare àti Àdìkẹ́ ṣe ń ṣe é nìyẹn lójoojúmọ́. Gàárì ni Àdìkẹ́ ń ṣe. Thomas, ọkọ rẹ̀, ti bá àwọn ọ̀dọ́ lọ ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó ní Nàìjíríà, kò sì ránṣẹ́ sílé. Òun àti ọmọ méjì ló kù, obìnrin náà kò sì fẹ́ kí àwọn máa dá jẹun.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Lazare kọ́kọ́ gbé sùtánà wọ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́, Àdìkẹ́ ti gún iyán, ó ń bu ọbẹ̀.

"Mẹ́tìrì, ẹ wá jẹun o!"

Lazare dáhùn bí ọmọlúàbí: "Ẹ máa jẹ, á gba ibi ire."

Àdìkẹ́ gbójú sókè láti tún un pè. Ó rí aṣọ funfun, ó rí ẹsẹ̀ lásán, ọjọ́ náà kì í sì í ṣe ọjọ́ Ìsinmi. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Háà, ẹ foríjì mí. N kò mọ̀ pé ẹ wà nínú ààwẹ̀." Ó gbá ọmọ rẹ̀ tó ti ń sún fún Mẹ́tìrì lọ́wọ́. "Gbé àwo yẹn kúrò lójú ọ̀nà! Má fi iyán dán ènìyàn Ọlọ́run wò."

Lazare dúró síbẹ̀. Ó yẹ kó sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n báwo ni àgbàlagbà ṣe ń sọ pé rárá o, ẹ tún mi pè lẹ́ẹ̀kejì? Ó wọlé, ó mu omi, ó sùn.

Ọ̀rọ̀ kì í fẹsẹ̀ rìn ní Bantè, fífò ló ń fò. Kó tó di ọjọ́ ọjà, gbogbo ìlú ti gbọ́ pé Mẹ́tìrì ti fi ayé sílẹ̀, pé ó ń gbààwẹ̀ nítorí ìyà tó ń jẹ orílẹ̀-èdè. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àbẹ́là wá fún un kó bá wọn gbàdúrà. Kò lè tà á, nítorí wọ́n ti sọ ẹ̀bẹ̀ wọn sí i lórí. Kò sì lówó epo àtùpà mọ́, nítorí náà àbẹ́là ló fi ń tanná. Àwọn tó ń kọjá rí ìmọ́lẹ̀ funfun lójú fèrèsé rẹ̀, wọ́n ní ọkùnrin yìí kì í sùn, àdúrà ló ń gbà mọ́jú. Bẹ́ẹ̀ ìwé ìtàn ilẹ̀ àwọn òyìnbó tó ti kà láìmọye ìgbà ló tún ń kà, kí ọkàn rẹ̀ má baà lọ síbi oúnjẹ.

Èyí tó dùn ún jùlọ kì í ṣe ebi. Ìdí igi máńgòrò kan wà lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń ta dámù, eré orí pátákó, nírọ̀lẹ́. Lazare mọ dámù í ta, ó sì mọ èébú rẹ̀ í bú. Bó bá jẹ ọmọ dámù ẹni kan, á ní, "Padà sí kíláàsì kìn-ín-ní!" gbogbo wọn á sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wá dé ibẹ̀ pẹ̀lú sùtánà, wọ́n dìde fún un. Ẹnì kan ti ìgò ọtí sodabi sábẹ́ ìjókòó. Onígbàjámọ̀ fi aṣọ nu àga, ó ní, "Ẹ jókòó, Bàbá Wòlíì." Ọkùnrin tó ń pè é ní olè dámù lóṣù tó kọjá ló ń pè é ní bàbá! Ó ní kí wọ́n tẹ́ pátákó. Wọ́n tẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kó jẹ. Ó jẹ wọ́n ní àjẹparun, kò sẹ́ni tó bú u. Kò padà débẹ̀ mọ́.

Àánú rẹ̀ ń ṣe mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ojú ọ̀nà kún fún ènìyàn, gbogbo wọn ló ń kí i, wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ń ní "ẹ rántí wa o," wọ́n sì ń kọjá lọ. Ẹni tí a ń kúnlẹ̀ fún kì í ní ẹni tí yóò bi í pé kí lo jẹ lónìí.

Nígbà tí máńgòrò pọ̀, máńgòrò ló ń jẹ. Nígbà tí máńgòrò tán, ó ń rẹ gàárì sómi láìsí ṣúgà, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Nígbà tí gàárì ń lọ sópin, ó ń se ìbẹ́pẹ dúdú. Nírọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan ni odó á máa dún lágbolé Àdìkẹ́, gbì, gbì, gbì, Lazare á sì ti ilẹ̀kùn, á jókòó sórí ibùsùn. Ìró náà kò mọ ilẹ̀kùn. Ó ń rù, ṣùgbọ́n sùtánà kì í sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fúnni. Ojú rẹ̀ tó wọnú, wọ́n ní ìran ló ń rí.

Nígbà tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa tí iṣu èṣí ti tán lábà, tí iṣu tuntun kò sì tíì jáde, Boukari dúró ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó fun fèrè. "Mẹ́tìrì! Ìyá yín kí yín láti Savalou. Ó ní kí n fi èyí lé yín lọ́wọ́."

Ẹrù kékeré kan ni, tí wọ́n dì sínú àpò ìyẹ̀fun, ó sì wúwo díẹ̀. Lazare fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Gàárì Savalou! Ta ni kò mọ gàárì Savalou, tó funfun, tó kan, tó ń wú nínú omi? Tàbí kẹ̀, ẹ̀wà ni. Tàbí ẹran gbígbẹ, nítorí ìyá rẹ̀ mọ ẹran í yan. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Boukari, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn kó tó tú okùn rẹ̀.

Àbẹ́là ni. Páálí àbẹ́là àti ìgò lọ́fíńdà kan.

Boukari ti jíṣẹ́ ẹnu fún un kó tó lọ, ìsinsìnyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e: "Ó ní ìròyìn yín ti dé ọ̀dọ̀ òun, pé ẹ̀mí gbé yín dé ibi gíga. Ó ní òun kò ra ẹja mọ́ lóṣù yìí kí òun lè rówó ra nǹkan wọ̀nyí. Ó ní ẹ bá òun gbàdúrà kí ẹsẹ̀ òun lè sàn."

Lazare di ìgò lọ́fíńdà náà mú, ó sì sunkún. Ó sunkún bí ọmọdé, tí ikùn rẹ̀ ń fà mọ́ ẹ̀yìn. Ìyá tó bí i kò jẹ ẹja kí òun lè tan àbẹ́là. Ó tan ọ̀kan nínú wọn, ó gbàdúrà fún ẹsẹ̀ rẹ̀, àdúrà náà sì tọkàn wá. Ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ ọn, ó gbàdúrà fún gàárì pẹ̀lú.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni iṣu tuntun jáde. Àdìkẹ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó gbé abọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn lọ́wọ́, àbẹ́là mẹ́ta wà lórí rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ lé e. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, nítorí Thomas ni. N kò mọ̀ bóyá ó wà láàyè. Alẹ́ ń gùn fún mi. Ẹ bá mi bi Ọlọ́run léèrè."

Lazare tan àbẹ́là. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ti pọ́n débi pé òórùn rẹ̀ kún yàrá. Ó di ojú rẹ̀, ó gbàdúrà fún Thomas, ọkùnrin tó ti bá jẹun nínú àwo kan náà. Láàárín àdúrà ni ikùn rẹ̀ han tòò. Àdìkẹ́ ṣe "Àmín." Nígbà tí àdúrà parí, wọ́n ṣe bí wọ́n ti ń ṣe nínú ìjọ: ọmọdé ni wọ́n ń pín èso àdúrà fún. Lazare fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún àwọn ọmọ náà. Èyí àbúrò ń bó tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń wò ó lójú, ó ń jẹ.

Níbẹ̀ ni ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Àwọn àgbà ní bí ebi bá ti wọnú, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í wọ̀ ọ́. Ó mí kanlẹ̀.

"Àdìkẹ́, ẹ gbọ́. N kò gba ààwẹ̀ kankan. Ebi ń pa mí."

Ó ti sọ ọ́. Ó rò pé òrùlé yóò wó, kò wó. Àdìkẹ́ wò ó, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, lẹ́yìn náà ó dojúbolẹ̀.

"Ta ló sọ fún yín? Kò sẹ́ni tó mọ̀, bàbá! Ọjọ́ tí Thomas ń lọ, mo jẹ́jẹ̀ẹ́ nínú ọkàn mi pé bó bá kọjá ibodè ní àlàáfíà, màá se oúnjẹ fún àwọn ọmọ àdúgbò tí ebi ń pa. Ó kọjá. Ṣùgbọ́n gàárì kò tà, mo ní kí Ọlọ́run ní sùúrù fún mi. Òun ló ń ké láti ẹnu yín yìí. Ebi ń pa á! Mo ti gbọ́, bàbá. Lọ́la òde yìí ni màá san án."

"Rárá, Àdìkẹ́, èmi gan-an ni..."

Ṣùgbọ́n ó ti gbá àwọn ọmọ rẹ̀ jọ, ó ti jáde, ó ń sáré lọ síbi tí iṣu wà. Gbogbo wa là ń gé ìnáwó lọ́dún náà, Àdìkẹ́ ti gé ti Ọlọ́run, ẹ̀rù sì bà á. Lazare kù sínú yàrá pẹ̀lú àbẹ́là mẹ́ta tó ń jó. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, a máa ń wí bẹ́ẹ̀. Òun kò dákẹ́, tara rẹ̀ ṣì bá a dákẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, odó bẹ̀rẹ̀ sí í dún kí oòrùn tó ga. Obìnrin mẹ́ta ló ń gún iyán. Òórùn ọbẹ̀ ẹ̀gúsí gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Lazare gbọ́ bí àwọn ọmọdé ṣe ń dé, bí wọ́n ṣe ń jà nítorí ìjókòó, bí Àdìkẹ́ ṣe ń pariwo pé kí wọ́n fọwọ́. Ó ń dúró kí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ tí Àdìkẹ́ sọ pé, "Ẹ rọra pariwo, Bàbá ń gbàdúrà."

Ó dìde. Ó bọ́ sùtánà, ó ká a, ó gbé e sórí ibùsùn. Ó ṣí àpótí. Òórùn káfúrà ki í nímú. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì, ó wọ ṣòkòtò tó ti ń pa mọ́ de ọjọ́ tí ilé ìwé yóò ṣí, ṣòkòtò náà sì já bọ́ sílẹ̀ láti ìbàdí rẹ̀. Ó fà á sókè, ó tún já bọ́. Òun gan-an kò mọ̀ pé òun ti rù tó bẹ́ẹ̀. Ìgbànú sùtánà ló fi dè é mọ́ ìdí, aṣọ rẹ̀ dì jọ pọ̀ lókè ìgbànú. Ó wọ bàtà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀ nínú rẹ̀. Ó jáde.

Àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ rí i. Bí wọ́n ti rí ṣẹ́ẹ̀tì àti bàtà, gbogbo wọn dìde dúró, ọwọ́ wọn kún fún iyán, wọ́n pariwo kí i ní Faransé lẹ́ẹ̀kan náà bí wọ́n ti ń ṣe nínú kíláàsì:

"Bọ̀nzúù, Mẹ́tìrì!"

Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ.

"Ṣé ilé ìwé ti ṣí ni?" ni ọmọ Àdìkẹ́ bi í.

"Rárá," ni Lazare wí. "Mo wá jẹun ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ síbi tí àyè díẹ̀ wà láàárín àwọn ọmọ náà, ó di ṣòkòtò rẹ̀ mú lọ́wọ́ kan. Àwọn obìnrin tó ń gúnyán dúró, ọmọ odó wọn wà lókè. Àdìkẹ́ wo ọrùn rẹ̀ tó dá dúró nínú kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì, ó wo ìgbànú funfun náà, ó wo bí aṣọ ṣe dì jọ lókè rẹ̀.

"Mẹ́tìrì. Ebi ló ń pa yín lóòótọ́?"

"Mo sọ fún yín lánàá."

"Láti ìgbà máńgòrò?"

Lazare tún fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Àdìkẹ́ ká ọwọ́ lé orí, ó pariwo, "Yéè! Lẹ́yìnkùlé mi!" Inú bí i sí i, inú bí i sí ara rẹ̀, ó ń bú u, ó ń sunkún, ó ń ní irú olórí kunkun wo lẹ̀yin Savalou wọ̀nyí. Ó sáré wọlé, ó gbé àwo tánganran tí wọ́n fi ń ṣe àlejò jáde, ó bu iyán rẹpẹtẹ, ó to ẹran lé e, ó dé e, ó fẹ́ gbé e lọ sínú yàrá rẹ̀ fún un, nítorí àgbà kì í bá ọmọdé jẹun níta.

"Àdìkẹ́, ẹ jọ̀ọ́," ni Lazare wí. "Ẹ má dá tèmi bù. Mo ti dá jẹ tó."

Àdìkẹ́ dúró pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó gbé e kalẹ̀ sáàárín òun àti ọkùnrin náà. Ó fọwọ́, ó nu ojú rẹ̀ nù pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́, ó jókòó sílẹ̀, ó ṣí ọmọrí. Gbogbo agbolé ń wò wọ́n.

"Mẹ́tìrì," ló wí, "ẹ wá jẹun o."

Kò jẹ́ kó pè é lẹ́ẹ̀kejì.